Ọjọ́ Tí Mo Fi Sàráà Pa Bàbá Mi

Mo ti pa bàbá mi rí. Kí ẹnikẹ́ni má tíì pe ọlọ́pàá o, nítorí tùwó ni bàbá náà ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo pa wọ́n, wọ́n sì tún jẹ tùwó fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tí mo ṣe ò ju pé mo dúró lẹ́nu géètì ilé ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo gbé kúlà oúnjẹ kalẹ̀, mo pariwo "Sàráà o!", mo sì bú sẹ́kún. Ìwà òmùgọ̀ ni, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn awakọ̀ Gáréèjì Ọ̀fà ti ń tọrọ ọ̀run fún bàbá mi. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń pè mí ní Bàbá Kékeré, ò jẹ́ kí n gbàgbé ẹ̀. Bá a bá ti kóra jọ sílé mi ní Basin, èyí tó ń kàwé ní Malete nínú wọn á ti gbé fóònù sókè kó lè gba ohùn mi sílẹ̀, á ní, "Bàbá Kékeré, ẹ sọ ti ọjọ́ tẹ́ ẹ pààyàn." Ìwé tí mo kà ò pọ̀, iṣẹ́ télọ̀ ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀rù, ọ̀mọ̀wé ni mí. Ẹ̀rù ló sì fa gbogbo wàhálà náà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n lè rán níṣẹ́, mi ò sì tíì dàgbà tó ẹni tó lè ní òun ò lọ. Agboolé wa wà ní ìgboro Ìlọrin àtijọ́, níbi tí ilé kan ti fẹ̀yìn ti èkejì, débi pé bí wọ́n bá ń ta epo síná nílé kejì, àwa là ń sín. Kí ládàánì tó nu ọ̀nà ọ̀fun láti pèrun àsùbá, ikọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, la máa kọ́kọ́ gbọ́. Bí wọ́n bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ilẹ̀ gbígbá kàn gbọ́dọ̀ ti dìde. Bí wọ́n bá tún wúkọ́ tí ìwọ sì wà lórí ẹní síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ ti di ọ̀rọ̀ omi tútù. Lẹ́yìn ìyẹn ni korobá á máa ró lẹ́nu kànga, ewúrẹ́ á máa ké, àwọn ọmọ kéú ilé àáfà tó wà lẹ́yìnkùlé wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn oorun ka wàláà. Ìyá mi á ti máa fẹ́ná. Láti yàrá ẹnu ọ̀nà ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ayálégbé wa, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ti máa ń jáde, bàtà funfun wọn á máa dún kọ̀ kọ̀ kọ̀ lórí símẹ́ńtì. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà kí wọ́n tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìyá Àgbà á ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Má fabẹ́rẹ́ gún ẹni tí ò ṣẹ̀ ọ́ o." Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, lójoojúmọ́ náà ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín sí i bíi pé tuntun ni.

Ọjọ́ Alàmísì ni iṣẹ́ Jímọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Ìyá Àgbà á ti rẹ ọkà bàbà sómi, èmi ni mo máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù tí wọ́n dì sínú ewé. Bí mo bá padà dé, òórùn atalẹ̀ á ti wọ aṣọ mi débi pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí ní Kókó. Láàárọ̀ Jímọ̀, iná méjì ló máa ń wà nílẹ̀. Lórí ọ̀kan, kókó, ẹ̀kọ mímu tí wọ́n fi ọkà bàbà yẹn ṣe, á máa hó pọ̀ọ̀ pọ̀ọ̀. Lórí èkejì, ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ tí ata rẹ̀ ń mú ewúrẹ́ sá, àti tùwó ìrẹsì tí Ìyá Àgbà máa ń fọwọ́ ara wọn rò, wọn ì í jẹ́ kí ìyá mi bá wọn dá sí i. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò nílé. Ìsàlẹ̀ ìkòkò nìkan ni tèmi, mo sì máa ń há a títí ìkòkò fi máa ń bẹ̀ mí. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà, wọ́n á fi ìró àtijọ́ wé kúlà náà bí ẹní wé ọmọ tuntun, wọ́n á sì gbé e lé mi lórí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ: "Gbóná ni kó dé."

Ilé ìgbẹ̀bí tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ là ń gbé e lọ. Nígbà náà, bó ṣe rí títí dòní, àwọn èèyàn abiyamọ ló ń gbé oúnjẹ wá fún un. Ìyá ọkọ á gbé tiẹ̀ wá, àbúrò á gbé tiẹ̀, wọ́n á máa bá ara wọn díje. Ṣùgbọ́n wọn ì í ṣàì ní ẹnì kan tó dá wá, tí ọkọ rẹ̀ ti rìnrìn àjò, tí ìyá rẹ̀ wà lóko, tó jẹ́ pé òórùn ọbẹ̀ ẹlòmíì ló máa fi sùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ti Ìyá Àgbà. Bí oníbárà bá yà nílé wa, wọ́n á wá nǹkan fún un tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ṣùgbọ́n oúnjẹ Jímọ̀ yẹn, àwọn abiyamọ tí ò lẹ́nì kankan nìkan ló ni ín. Ìdí rẹ̀ ò pamọ́. Lóko kan lọ́nà Malete ni wọ́n ti bí bàbá mi. Ọkọ Ìyá Àgbà ti lọ ta iṣu, òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni kankan nínú ahéré, Ìyá Àgbà ló gbẹ̀bí ara wọn. Wọ́n ní báwọn ṣe sùn sílẹ̀ tí òtútù ń gbọ̀n àwọn ni obìnrin kan tí àwọn ò mọ̀ rí, tó ń sá fún òjò, yọjú sínú ahéré. Ó wò wọ́n, kò béèrè ohunkóhun, ó dáná, ó ro kókó, ó fi bọ́ wọn bí ọmọdé, ó wẹ ọmọ, nígbà tí òjò dá, ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ. Ìyá Àgbà ò rántí bi í lórúkọ. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ débẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n á ní, "Kókó yẹn ṣì ń gbóná nínú mi." Bàbá mi ti gbọ́ ìtàn náà débi tí wọ́n fi máa ń bá Ìyá Àgbà parí ẹ̀, bíi pé àwọn gan-an ló ro kókó.

Bàbá mi náà ń ṣe sàráà o, kí n má ba orúkọ wọn jẹ́. Wọ́n ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Gáréèjì Ọ̀fà, wọn ò sì háwọ́. Àmọ́ sàráà tiwọn fẹ́ràn gbangba. Àwọn ló ra aago ńlá fún mọ́sálásí àdúgbò wa, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn sí abẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà tó ga ju nọ́ńbà aago lọ. Àwa ọmọdé ti mọ orúkọ Bàbá kà kí á tó mọ aago wò. Wọ́n máa ń bi Ìyá Àgbà pé, "Ìyá, sàráà tẹ́nì kan ò rí, ta ló máa bá wa ṣàmín sí i?" Ìyá Àgbà á ní, "Ẹni tó ń mu ún ń rí i, Àkànní." Mi ò lè fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Mo ti fún àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní aṣọ tí mo rán fúnra mi rí, mo wá jókòó ti rédíò fún odidi ọ̀sẹ̀, bóyá wọ́n máa dárúkọ mi. Orúkọ ẹni tó ń polówó ọṣẹ ni mo gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rù náà. Bí èmi àti Ìyá Àgbà bá ti dé géètì ilé ìgbẹ̀bí, abẹ́ igi dóńgóyárò ni mò ń dúró sí. Ìyá Àgbà á gba kúlà lórí mi, wọ́n á wọlé, èmi á máa ka èèrà. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nulẹ̀ níbẹ̀ máa ń gún mi nímú, igbe àwọn obìnrin sì máa ń dé ọ̀dọ̀ mi láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni olórí ẹ̀rù mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi, tí mi ò lè sọ fẹ́nì kankan, ni pé níbi tí wọ́n bá ti ń mú ọmọ jáde, wọ́n lè ṣèèṣì dá ọmọ padà. Mo kéré lára, mo mọ̀ pé mo máa wọ̀ ọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n wá ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, bí nọ́ọ̀sì ṣe fa rọ́bà yẹn yọ ni mo ní mo gbé ìkòkò kaná, mo sì ti wà lórí ọ̀kadà kó tó bi mí pé ìkòkò wo.

Jímọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá ti fi ọ̀sẹ̀ náà ṣàìsàn ibà, wọn ò ṣí ṣọ́ọ̀bù rárá. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ara ṣẹ̀ṣẹ̀ tù wọ́n tí wọ́n béèrè tùwó. Orúnkún Ìyá Àgbà ní tiẹ̀ wú, ó kọ̀, kò ká mọ́. Wọ́n bá gbé kúlà lé mi lórí, wọ́n ní, "Sàlíù, wọlé, yà sápá ọ̀tún, wàá rí Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Gbóná ni kó dé." Mo lọ. Mo tiẹ̀ gbójú gbóyà kọjá abẹ́ dóńgóyárò, mo dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti figbe bọnu nínú ilé, igbe tó gùn bí ọ̀nà Èkó. Mi ò mọ bí mo ṣe dé géètì padà, kúlà ṣì wà lórí mi, omi kan ò dà. Mo gbé e kalẹ̀, mo ń ronú. Oúnjẹ ń tutù. Ni ọgbọ́n kan bá sọ sí mi. Ládùúgbò wa, bí ẹnì kan bá ti pariwo "Sàráà o!", ẹni tó ń sùn á jí, ẹni tó ń ṣàìsàn á dìde, àgbàlagbà á díbọ́n pé òun fẹ́ lọ kí aládùúgbò. Mo ní nígbà tó rí bẹ́ẹ̀, bí mo bá pariwo dáadáa, àwọn abiyamọ máa gbọ́, wọ́n á jáde wá gbà á, mi ò ní láti wọlé. Mo kó gbogbo ẹ̀mí mi jọ, mo ní, "Sàráà ooo!"

Abiyamọ kankan ò jáde. Àwọn ọmọ kéú ló kọ́kọ́ dé, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti hù. Àwọn ọlọ́mọlanke já kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀pà gbé àwo ẹ̀pà kalẹ̀. Bàbá onígéètì fúnra rẹ̀ mú ìdérí fúláàsì wá. Lọ́dọ̀ tiwa sì rèé, ẹni tó bá na ọwọ́ sí sàráà, wọn ì í bi í pé ibo ló ti wá. Ta ni mo máa wí fún pé kì í ṣe tiẹ̀? Wọ́n ń bu, wọ́n ń mu, wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì pajú, wọ́n ń ní "Ọlọ́run á gbà á o," èmi ń dáhùn "Àmín," kúlà ń fúyẹ́, mo sì ń rí ojú Ìyá Àgbà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tí obìnrin inú ilé tún figbe ta, mo bú sẹ́kún gbuuru. Àsìkò yẹn gan-an ni Gàníyù gbé èrò dé. Gàníyù ń wa takisí, oníbàárà Bàbá ni, ó sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù Bàbá wà ní títì látọjọ́ Ajé. Kí ló rí? Ó rí ọmọ Alájì níwájú ọsibítù, tó ń pín sàráà, tó ń sunkún. Ní Ìlọrin, kò sí ẹni tó nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn. "Sàlíù! Alájì ńkọ́?" Mo la ẹnu, ẹkún nìkan ló jáde. Mo wá nawọ́ sí ibi tí igbe náà ti ń wá, kó lè rí ohun tó ń dẹ́rù bà mí. Gàníyù ká ọwọ́ lérí. "Ìnnà lílláhi!" Ó padà sínú mọ́tò, kò tiẹ̀ rántí gbowó lọ́wọ́ èrò, ó di Gáréèjì Ọ̀fà.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Àgbà bi mí pé ṣé ó gbóná dé. Mo ní, "Wọ́n jẹ ẹ́ tán, mà." Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Mo wá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àmù omi. Wọ́n ti kí Jímọ̀ tán nígbà tí takisí bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dorí kodò, wọ́n wá jókòó yí Ìyá Àgbà ká lórí ẹní. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn ì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìyá lójú. "Màmá, ẹ ṣọkàn gírí o." Ìyá Àgbà ní, "Kí ló dé?" "Kò sí nǹkan, Màmá. Ọlọ́run ló ni gbogbo wa." Ìyá Àgbà ti gbọ́ irú èdè yẹn rí. Wọ́n ní, "Ta ni?" Àwọn awakọ̀ ń wo ẹní. Ìyá Àgbà bá kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ná láwìn, títí àwọn awakọ̀ yóò fi dárúkọ ẹni náà. Bàbá gbọ́ ẹkún láti inú yàrá. Wọ́n rò pé àbúrò Ìyá Àgbà kan tó ti ń ṣàìsàn ọjọ́ pípẹ́ ló lọ. Wọ́n fi tùwó sílẹ̀, wọ́n jáde, ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n jókòó sẹ́yìn àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ ẹkún. Awakọ̀ kan ń sọ̀rọ̀ nígbà náà: "Ẹni ire ni. Ìyàwó mi bímọ, mo wà lọ́nà Èkó, mi ò mọ̀. Oúnjẹ tó ti ilé yìí lọ ló jẹ. Mi ò lè gbàgbé." Bàbá nu imú, wọ́n ní, "Ẹni ire ni lóòótọ́. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba aago. Ohùn yẹn ló mú kí Gàníyù wẹ̀yìn. Igbe tó ké, ti obìnrin ilé ìgbẹ̀bí ò tó o. Ẹnì kan fo ìgànná, ẹlòmíì wọ inú ilé ewúrẹ́, bàtà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ kù sílẹ̀ lóríṣiríṣi. Bàbá ń wò káàkiri, wọ́n ń béèrè pé kí ló dé, kí ló dé. Ìyá mi ti jáde látinú ilé ìdáná. Wọ́n ní, "Alájì, ẹ lọ fọwọ́ yín ná. Wọ́n ní ẹ ti kú."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, gbogbo wọn wá yíjú sí àmù omi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Gàníyù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àáfà ẹ̀yìnkùlé wá, ó ní ẹni tí wọ́n bá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ láàyè, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́, ibà wọn padà, ẹ̀rù wá bà wọ́n pé sàráà ọsibítù yẹn ti pe ikú wá bá àwọn. Wọn ò nà mí, ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà nìyẹn. Wọ́n kàn dìde dúró ní àgbàlá, wọ́n ní, "Látòní lọ, oúnjẹ kankan ò gbọdọ̀ ti inú ilé yìí lọ sí ọsibítù mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe sàráà, kó gbé e fún mi, màá gbé e lọ sí mọ́sálásí." Mo rò pé Ìyá Àgbà máa jà. Wọ́n ní, "Ó ti dáa, Alájì." Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ kí Ìyá Àgbà pe ọmọ wọn ní Alájì rí. Àkànní ni wọ́n ń pè é. Ìyá mi wo Bàbá, Bàbá wo ilẹ̀. Àwọn abiyamọ ọjọ́ yẹn, búrẹ́dì tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì rà ni wọ́n jẹ.

Mo kọ́kọ́ yọ̀ o, kí n má purọ́. Ọsibítù ti parí, kúlà ti parí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà gùn. Ìyá Àgbà ń wúkọ́ láàárọ̀, àmọ́ wọn ò wúkọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, a ń sùn títí oòrùn fi ń wọlé wá bá wa. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní ó dùn, wọ́n á sì tì í sọ́dọ̀ mi. Nígbà tó di Alàmísì, mo lọ wo ibi tí wọ́n ti ń rẹ ọkà bàbà. Korobá náà wà ní dídojú dé, aláǹgbá ń sáré lórí ẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ dúró níwájú ẹlẹ́rọ, láìgbé nǹkan kan dání. Ó ní, "Kókó, ṣé ẹ ti kó kúrò ládùúgbò ni?" Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Malete bi mí láìpẹ́ yìí pé kí ló dé tó jẹ́ àwọn abiyamọ nìkan ni mò ń ṣe sàráà fún. Ó to gbogbo rẹ̀ fún mi lórí fóònù: àwọn ọmọ aláìlóbìí, omi ẹ̀rọ fún abúlé, àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Ó ní kí n tẹ ọ̀kan, owó á lọ fúnra rẹ̀. Mo ní gbogbo wọn ló dáa, kí àwọn tó mọ ìrora wọn máa ṣe é. Èmi ní tèmi, mo mọ bí ilé ṣe máa ń dákẹ́ nígbà tí wọn ò bá dáná abiyamọ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Jímọ̀ wá dé. Ààrò méjèèjì tutù, eérú inú wọn ti ṣù. Ìyá Àgbà jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ja tèsùbáà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara Bàbá ti yá, wọ́n ti wọ bàbáńrìgá funfun, wọ́n ń fi búta ṣe àlùwàlá. A bá gbọ́ kọ̀ kọ̀ kọ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ní àsìkò tó yẹ kí wọ́n ṣì wà níbi iṣẹ́.

"Màmá, ṣé kò sí o? Mo rò pé orúnkún ni."

"Orúnkún ti fúyẹ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Bi Alájì léèrè."

"Alájì, ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, Nọ́ọ̀sì. Mo ti dá oúnjẹ yẹn dúró. Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tójú mi rí."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ kú àjíǹde." Ìyá mi sáré wọ ilé ìdáná, a gbọ́ tí wọ́n fi aṣọ bo ẹnu. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. "Obìnrin kan bímọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀nà Malete ló ti wá, ọkọ̀ já a sí géètì, ó lọ. Kò mú ẹnì kankan wá, ẹnì kankan ò sì tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, sà. Mo ti sọ fún un pé màmá kan máa ń wá lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Ẹ sọ fún un pé màmá ò wá mọ́."

"Èmi kọ́, sà. Ó ti yá abọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó gbé e sí ìdí ìrọ̀rí. Mi ò lè sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣòfin, ẹ wá bá mi sọ ọ́ fún un."

Bàbá fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n tún padà fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn náà. "Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rù ń bà mí ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Ìyá Àgbà ò gbójú sókè. Bàbá gbé búta kalẹ̀ gbì. "Sàlíù, wọ bàtà rẹ. Àwa méjèèjì là ń lọ. Ìwọ lo dá a sílẹ̀."

Lójú ọ̀nà, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà níwájú, Bàbá ń tún ọ̀rọ̀ wọn tò lẹ́yìn. "Màá ní, ìyá ọmọ, a kí ọ kú ewu. Lóòótọ́ la máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àbí kí n kọ́kọ́ ní nǹkan kan ṣẹlẹ̀?" Wọ́n bi mí bí mo ṣe rí i. Mo ní ó dáa, sà. A dé géètì. Ẹsẹ̀ mi mọ ibi tó ń lọ, ó gbé mi yà sábẹ́ dóńgóyárò. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Bàbá náà ti wà lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òógùn ń ṣàn lábẹ́ fìlà wọn. Wọ́n ní, "Máa lọ síwájú." Mo ní, "Ẹ̀yin ni àgbà, sà." A jọ dúró. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìyá mi tó sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n bí mi, abẹ́ igi yẹn ni Bàbá dúró sí títí wọ́n fi gbé mi jáde wá bá wọn, wọn ò kọjá ibẹ̀ rí láyé wọn. Mo ti ń wá ẹni tí mo ti ọwọ́ rẹ̀ jogún ẹ̀rù yìí kiri, àṣé bàbáńrìgá ló wọ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì yíjú padà. "Ẹ máa bọ̀, sà." Bàbá di ọwọ́ mi mú, mi ò lè sọ ẹni tó di ẹnì kejì mú nínú wa. A gun àtẹ̀gùn. Òórùn yẹn pàdé wa. Ẹnì kan figbe ta nínú yàrá kan, àwa méjèèjì fò sókè pọ̀ bí ẹni jọ ń jó, ṣùgbọ́n a ò padà.

Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ. Ọmọ rẹ̀ sùn sí apá rẹ̀, kò tóbi ju ológbò lọ. Bó ṣe rí bàbáńrìgá funfun lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbìyànjú láti jókòó, ó nawọ́ mú abọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ Bàbá, ó wo ọwọ́ mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó rọra ti abọ́ náà wọ abẹ́ aṣọ tó fi bora, bíi pé nǹkan mìíràn ló fẹ́ fi ṣe.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. "Wọ́n ní màmá kan ló máa ń wá. Ṣé kò sí o? Ṣé ara màmá le?"

Mo gbójú sókè wo Bàbá, mò ń retí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tò láti ilé. Wọ́n wo ọmọ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n fi nu ojú, wọ́n ní:

"Ara wọn le. Wọ́n wà nídìí iná, ọbẹ̀ ló kù. Wọ́n ní ká wá bi ọ́ bóyá o máa ń jẹ ata."